A Kì Í Kọ́kọ́ Kọ Ìdáhùn

Ojú kan ṣoṣo ni Lawer Padi kọ́kọ́ rí lára obìnrin náà, inú gíláàsì ló sì ti rí i.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé àgbọ̀n lé e, ó di ojú òsì, ó ń fi ojú ọ̀tún wá àwọn píìnì tó gún mọ́ bébà ní òdì kejì búlọ́ọ̀kù gíláàsì kan tó tóbi tó ìdajì bíríkì. Bó ti ń wò ni ojú mìíràn ń wò ó bọ̀. Ojú náà tóbi, ó dúdú, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n kò sí níbi tó yẹ kó wà. Iwájú orí àti irun tó yọ lókè gíláàsì wà lọ́tọ̀, ojú inú gíláàsì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ tó lọ dúró sí àgbàlá aládùúgbò.

"Ẹ gbé ojú yín kúrò nínú gíláàsì mi," ni olójú náà wí.

"Gíláàsì ta ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibí."

"Ẹ kọ́kọ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí nǹkan kan láti ìgbà tí ẹ ti dé. Mo ti ń wò yín. Orí píìnì lẹ ń wò."

"Kí ni kí n máa wò? Ṣé kí n máa wo bàtà rẹ̀ ni?"

"Bàtà rẹ̀ gan-an. Píìnì lè fi orí tẹ̀ bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò níbi tí ẹ gún un sí. Ẹsẹ̀ là ń wò."

Lawer wo ẹsẹ̀ àwọn píìnì náà. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ti ń sá fún un láti àárọ̀ tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n di ẹyọ kan. Ó gbé orí sókè láti dúpẹ́, ó wá rí gbogbo ojú obìnrin náà tán, àti ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọpẹ́ náà kò jáde mọ́.

Mamle Djaba ni obìnrin náà. Ìyá rẹ̀ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Odumase níbí, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ ṣe é. Lawer ń tẹ́ táìlì sí ilẹ̀ ilé àwọn ènìyàn, láti Somanya títí dé Koforidua. Àwọn méjèèjì ti kọjá ẹni tí a ń fi bẹ́líìtì nà lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde tàbí tún un ṣe. Físíìsì ló ṣẹ́ Lawer lẹ́sẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mamle kò tiẹ̀ tíì dé ìdánwò náà rí. Ó fẹ́ lọ kọ́ ìtọ́jú ojú ní yunifásítì, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìsí físíìsì.

Ọ̀gbẹ́ni Nomo, tíṣà wọn, kọjá níwájú tábìlì náà. Ọkùnrin tó gùn ni, ohùn rẹ̀ ló gùn jù.

"Búlọ́ọ̀kù ò tó. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pín ìyẹn lò. Ọ̀kan á máa wò, ọ̀kan á máa gún píìnì."

"Sà, èmi ni màá máa wò," ni Mamle wí.

"Ta ló fi yín jẹ olùwò?" ni Lawer bi í.

"Àwọn píìnì ni."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn nìyẹn. Lawer á gbé gíláàsì ka orí bébà, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká. Á fa ìlà kan tó dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á wọn igun láti ibi ìlà yẹn, á gún píìnì méjì sí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Mamle á bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì, á di ojú kan.

"Sí òsì díẹ̀. Òsì, mo ní òsì! Ṣé ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun nìyẹn? Ó tó. Ẹ gún un."

Tí wọ́n bá ti gún píìnì méjì sí òdì kejì náà, wọ́n á gbé gíláàsì kúrò, wọ́n á fi rúlà so ihò píìnì pọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí i lójú ara wọn pé ìmọ́lẹ̀ kò gba inú gíláàsì kọjá tààrà. Bó ti wọlé ló tẹ̀ súnmọ́ ìlà ìdúró, bí ẹni tó wọ odò tó rí i pé omi wúwo ju atẹ́gùn lọ. Wọ́n á wọn igun tó tẹ̀ sí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi kakulétọ̀ pín sáìnì igun tó wọlé fún sáìnì igun tó tẹ̀. Ìdáhùn tó bá jáde ló ń sọ bí gíláàsì náà ṣe lágbára tó láti tẹ ìmọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Lawer gún píìnì sí ibi tí Mamle kò ní kó gún un sí.

"Kí lẹ ń ṣe?" ni Mamle kígbe.

"Mo fẹ́ kí ẹ tún sọ 'òsì díẹ̀' ni. Ó dùn lẹ́nu yín."

Mamle yọ píìnì náà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó ṣí ojú tó dì.

Lawer wá sí àgọ́ ìlẹ̀kẹ̀ Mamle àti ìyá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyá òun. Ọmọbìnrin kékeré kan ló bá níwájú àgọ́, tó jókòó ti àwo amọ̀ oníhò, tó ń ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín ihò kọ̀ọ̀kan, kí ìyá Mamle tó da gíláàsì lílọ̀ sí i. Iná á jó igi ewé náà, ibi tó wà á sì di ojú tí òwú yóò gbà kọjá.

"Ẹ n lẹ́ o, ọ̀gá oníṣẹ́," ni Lawer wí.

"Ìyá mi ní kí n má bá àjèjì sọ̀rọ̀."

"Èmi kì í ṣe àjèjì. Èmi ni mo ń gún píìnì fún Mamle."

Ọmọ náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún?"

Mamle jáde láti inú àgọ́, gíláàsì lílọ̀ ń dán lára ọwọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹ̀rín Lawer tán kó tó sọ èyí tó fẹ́ sọ.

"Ọmọ mi ni. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọmọ tí mo ń bá ẹlòmíràn wò. Èmi ni mo bí i, òun ni mo tìtorí rẹ̀ fi ilé-ìwé sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Tema. Ó ṣì ń wá iṣẹ́ náà dòní. Tí ẹ bá fẹ́ padà, ọ̀nà tí ẹ gbà wá kò tíì dí."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Dede."

Lọ́dọ̀ wa, ipò ọmọ ló ń fún un lórúkọ. Àkọ́bí obìnrin ni Dede, èkejì ni Korkor, ẹ̀kẹta ni Maku, ẹ̀kẹrin ni Mamle. Ẹni tó bá dárúkọ ara rẹ̀ ti sọ ibi tó jókòó sí nínú ilé bàbá rẹ̀.

"Dede," ni Lawer wí, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá àwo amọ̀ náà, "kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki igi yìí bọ̀ ọ́."

Ó ṣẹ́ igi ewé mẹ́ta. Dede ní kó lọ máa gún píìnì rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Nomo gbé àpótí búlọ́ọ̀kù tuntun kan wọ kíláàsì, ó ní ilé-ìwé kan ní Koforidua ló yá wọn. Ó ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan àti alábàáṣe rẹ̀ wọn igun wọn, kí wọ́n kọ ìdáhùn, kí wọ́n fi sílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mamle àti Lawer wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé ní ọgbọ̀n digíríì, ó tẹ̀ sí méjìdínlógún. Nígbà tó wọlé ní márùndínláàádọ́ta, ó tẹ̀ sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mamle kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ọjà Agomanya ni, ìyá rẹ̀ sì ń retí rẹ̀, ló bá fi ìṣirò sílẹ̀ fún Lawer, ó lọ.

Lawer tẹ kakulétọ̀. Ìdáhùn jáde, ó lé ní ọ̀kan ààbọ̀ dáadáa. Ó tún un tẹ̀, bákan náà ni. Ìwé sì sọ pé ọ̀kan ààbọ̀ ni ti gíláàsì. Ó wo tábìlì òsì: ọ̀kan ààbọ̀. Ó wo tábìlì ọ̀tún: ọ̀kan ààbọ̀. Ara rẹ̀ gbóná. Àánú Mamle ṣe é, ó rò ó pé obìnrin náà yóò gba máàkì burúkú nítorí òun tí kò gún píìnì dáadáa. Ó mú ìrésà, ó pa méjìdínlógún rẹ́, ó kọ mọ́kàndínlógún ààbọ̀. Ó pa mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rẹ́, ó kọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìdáhùn ló mú dání, ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú, ó ń fún igun kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yẹ kó sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ọ̀gbẹ́ni Nomo gbé gbogbo bébà náà sókè.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Gíláàsì tí mo gbé wá kì í ṣe ọmọ ìyá èyí tí ẹ mọ̀. Gíláàsì wíwúwo ni, ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju ọ̀kan ààbọ̀ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá ni. Gbogbo yín lẹ kọ ọ̀kan ààbọ̀! Ẹ kọ́kọ́ kọ ìdáhùn, ẹ wá lọ ń wá igun tí yóò bá a mu. Ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Irọ́ tó mọ ìṣirò ni. Òdo ni gbogbo yín gbà."

Kíláàsì pariwo. Mamle dìde.

"Sà, kì í ṣe ohun tí mo wọ̀n nìyẹn."

"Orúkọ rẹ ló wà lórí bébà yìí."

"Orúkọ mi ni, kì í ṣe ojú mi. Méjìdínlógún ni ojú mi rí. Ẹ fún mi ní gíláàsì náà, kí n tún un wọ̀n níwájú gbogbo ènìyàn."

"Jókòó, òdo ò ju òdo lọ," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn, àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Mi ò ní jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ gba ti yín ní ẹ̀tọ́, ẹ máa jókòó tì í."

Ọ̀gbẹ́ni Nomo gbé gíláàsì fún un. Lawer jáde, ojú ń tì í, ó gún píìnì bí Mamle ṣe ní kó gún un. Kò bá a ṣeré rárá. Ìlà wọn bọ́ sí méjìdínlógún. Ọ̀gbẹ́ni Nomo tẹ̀ sí i pẹ̀lú ike ìwọ̀n igun tirẹ̀, ó wò ó títí.

"Òdo yín dúró," ló wí, "ṣùgbọ́n mo ti mọ olójú."

Lẹ́yìn kíláàsì, Lawer lé Mamle bá lójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́. Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é."

"Ẹ má ṣe irọ́ nítorí mi mọ́. Ẹ ṣe é nítorí ara yín, kí n mọ ẹni tí mo ń bá jà."

"Mo gbà. Mi ò ní kọ́kọ́ kọ ìdáhùn mọ́ láyé mi. Ẹ jẹ́ kí n ra kẹ́ńkè àti ẹja díndín fún yín."

"Ata ńkọ́?"

"Ata tí yóò jẹ́ kí ẹ sunkún, kí àwọn ènìyàn lè rò pé ẹ ti dárí jì mí."

Mamle rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníkẹ́ńkè, wọ́n tú ìṣù àgbàdo sísè náà nínú ewé, wọ́n jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Nígbà tí ẹja kù díẹ̀, Lawer tì í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mamle, ṣé a lè fi 'ẹ' yìí sílẹ̀? Ó ti sú mi láti máa kí ọ bí ìyá ìyàwó."

"Kí lo fẹ́ máa pè mí?"

"Olólùfẹ́ mi, tí o bá gbà. Tí o ò bá gbà, màá máa pe ẹja yìí bẹ́ẹ̀."

"Ẹja náà ti kú, Lawer."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Odumase. Lawer ń kọ́ Dede bí wọ́n ṣe ń to táìlì kó má wọ́. Dede ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki igi ewé láìṣẹ́ ẹ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Lawer bi Mamle bóyá yóò fẹ́ òun. Mamle ní kó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá tirẹ̀, pé òun kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Opó ni Màmá Lawer, ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ó sì jẹ́ àgbà obìnrin nínú ìjọ wọn. Lawer padà sí àgọ́ ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwúwo.

"Màámi gbà," ló wí.

"Ó gbà, o wá ń wo ilẹ̀ báyìí?"

"Nǹkan kékeré kan ló sọ. Ó ní tí a bá wá kan ilẹ̀kùn yín láti tọrọ rẹ, kí a sọ pé àbúrò rẹ ni Dede. Nítorí àwọn ará ìjọ. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ sọ pé ọmọ òun kan ṣoṣo bá ọmọ ẹlòmíràn nílé ìyàwó."

Mamle gbé àwo amọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá mi ti bí Dede kan. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni, ó wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Somanya. Ṣé àkọ́bí méjì ni ìyá mi bí?"

"Màámi ní... a lè fún un ní orúkọ ọmọ karùn-ún. Orúkọ lásán ni, ìfẹ́ mi."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní màá bá ọ sọ ọ́."

"Lawer, ìdáhùn lo tún kọ́kọ́ kọ." Kò pariwo. "Ìwọ àti ìyá rẹ ti kọ ìyàwó tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, ẹ wá ń wá ibi tí ẹ ó yí ọmọ mi sí, kó lè bá a mu. Mo gbé oyún ọmọ yẹn gba iwájú gbogbo ìlú, mi ò fi aṣọ bo ikùn. Ìgbà tó wà nínú, mi ò bò ó. Ìgbà tó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ni kí n wá bò ó?"

"Mamle..."

"Máa lọ. Ọjọ́ tí ẹnu rẹ bá gba orúkọ ọmọ mi níwájú ìyá rẹ, wá. Kó tó di ìgbà náà, má wá gún píìnì kankan fún mi."

Ó lọ. Ìyá Mamle, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ààrò, jáde wá.

"Ọmọ mi, rọra. Ọkọ ò pọ̀ lójú ọ̀nà fún ẹni tó ti bímọ."

"Ẹ jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n, Ìyá mi. Ohun tó pọ̀ lójú ọ̀nà, eruku ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ inú ilé, ó sunkún, ó fi etí aṣọ dí ẹnu kí Dede má bàa gbọ́.

Àsìkò ìdánwò dé. Nínú ìdánwò, kò sí alábàáṣe, oníkálukú ló ń gún píìnì tirẹ̀ tó sì ń wò ó fúnra rẹ̀. Mamle jókòó níwájú, Lawer jókòó lẹ́yìn. Lawer bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan. Àwọn píìnì náà tú ká níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé sí òsì díẹ̀. Ó gún, ó yọ ọ́, ó tún un gún. Ó rántí láti wo ẹsẹ̀, wọ́n sì tò. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ìdáhùn náà kò bọ́ sí ọ̀kan ààbọ̀. Ìrésà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ ohun tó rí, ó fi bébà sílẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ ìdánwò kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

Ìyá rẹ̀ ń gún ẹyìn ọbẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, mo fẹ́ fẹ́ Mamle. Màá jẹ́ bàbá fún Dede. A ò sì ní yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà."

Ọmọ odó dúró lókè. "Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí? Obìnrin yẹn ni?"

"Obìnrin yẹn lé mi jáde ni. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀."

"Èmi tí mo dá tọ́ ọ, tí mo ta aṣọ mi kí o lè kàwé! Àwọn ènìyàn á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ò bá yín gún ẹyìn rí." Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màámi, kí lorúkọ yín nílé bàbá yín?"

Obìnrin náà yíjú sí inú odó.

"Mo ní kí lorúkọ yín? Gbogbo ayé ń pè yín ní Màmá Lawer. Kí ni bàbá yín ń pè yín?"

"Kúrò níwájú mi."

"Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ máa jẹ́ orúkọ ọmọ karùn-ún nítorí àwọn ará ìjọ ńkọ́?"

"Mo ní kúrò níwájú mi, Lawer!" Ọmọ odó balẹ̀, epo ẹyìn ta sí wọn lára. "Lọ kan ilẹ̀kùn tí o bá fẹ́. Má retí ẹnu mi níbẹ̀."

Lawer lọ bá Bàbá Padi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún olóògbé bàbá rẹ̀, pé kó bá òun léwájú. Bàbá Padi ní ẹni tó fẹ́ fẹ́ aya gbọ́dọ̀ ní eegun lẹ́yìn, inú òun sì dùn pé wọ́n ti rí ti Lawer. Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé Djaba pé àwọn ń bọ̀. Mamle gbọ́, kò mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ. Ó kàn ní, "Kí wọ́n máa bọ̀. Ẹnu mi wà."

Ní ọjọ́ náà, wọ́n tẹ́ àga sí àgbàlá, ìdílé ìyàwó ní ìhà kan, ìdílé ọkọ ní ìhà kejì. Ìyá Mamle, tí àyà ń já, fi Dede jókòó sí ẹ̀yìn gbogbo àwọn obìnrin lórí àpótí, ó ní kó má yọjú. Nígbà tí àwọn àlejò wọlé, Màmá Lawer wà láàárín wọn. Ó wọ aṣọ funfun, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó wá tì í lẹ́yìn tàbí ó wá dá a dúró.

Àǹtí Narkie, àbúrò ìyá Mamle, ló jẹ́ ẹnu fún ilé ìyàwó.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ gbé ọtí dání, ojú yín sì mọ́. Ta lẹ wá wá nílé wa?"

Bàbá Padi tún ọ̀fun ṣe. "Òdòdó kan la rí ní àgbàlá yín. Mamle ni wọ́n ń pè é."

"Mamle nìkan?"

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bèèrè fún ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n Lawer, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lanu níbi ìkanlẹ̀kùn, dìde dúró.

"Ẹni méjì la wá wá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Mo wá fẹ́ Mamle. Mo sì wá gba Dede, ọmọ tí Mamle bí. Kì í ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni. Màámi wà níbí, wọ́n ń gbọ́ mi."

Àgbàlá dàrú. "Ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀!" "Èèwọ̀!" "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!" Bàbá Padi ń fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó. Àǹtí Narkie na ọwọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n o ti da ìjókòó àgbà rú. Àkùkọ adìẹ kan ni ìtanràn rẹ, kí a tó tẹ̀síwájú. Ta ló máa san án fún ọ?"

Lawer wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá rẹ̀ ti dìde. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ìta. Ó yí padà.

"Ẹ lọ mú àkùkọ ọlọ́rùn pupa nílé mi," ló wí. "Inú mi ò tíì yọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé ọmọ mi la ẹnu láwùjọ, kò sì rí ẹni dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó padà jókòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àǹtí Narkie yíjú sí Mamle, tí wọ́n ti mú jáde sí àárín.

"Mamle, o gbọ́. Ṣé kí a gba ọtí wọn?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin náà. Síbẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo ti gbọ́ ti ọmọ," ló wí. "Mi ò tíì gbọ́ ti ìyá. Màmá, ẹ forí jì mí. Ilé yín la máa wọ̀. Mi ò lè mú ọmọ mi wọ ilé tí wọ́n ti máa gbé orúkọ rẹ̀ mì."

"Mamle!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. Ìdílé ọkọ ń kùn. Lawer kò kùn. Ó ń wo Mamle bí ẹni tó ń wo ìmọ́lẹ̀.

Màmá Lawer tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó ń wá nǹkan láàárín àwọn obìnrin.

"Ọmọ náà dà? Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn. Kí lorúkọ rẹ?"

Ohùn kékeré kan dáhùn láti ẹ̀yìn. "Dede."

"Sọ ọ́ sókè."

"Dede ni! Dede ọmọ Mamle!"

Obìnrin àgbà náà fi ọwọ́ pa ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Dede lèmi náà ń jẹ́ nílé bàbá mi," ló wí. "Ta ló ní kí o jókòó sẹ́yìn? Ẹni tó bá ń jẹ́ Dede, iwájú ló ń jókòó. Dìde níbẹ̀ yẹn, gbé àpótí rẹ, kí o wá sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Dede gbé àpótí rẹ̀ sórí, ó la àárín àwọn àgbà kọjá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì jókòó.

Mamle nu ojú rẹ̀. "Àǹtí," ló wí, "ẹ gba ọtí wọn."